Ìwọ̀n Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn: Kí Ni Ó Fà Á Tí Dọ́kítà Fi Ń Yí I Padà?

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé kan ní Agége. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ọkùnrin náà kò ti lè sùn dáadáa mọ́. Aago mẹ́ta òru ni ojú rẹ̀ máa ń là, kò sì ní padà sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Oúnjẹ kò wù ú jẹ, kò fẹ́ bá ọmọ ṣeré, bí ó bá sì di ọjọ́ ìsinmi, ògiri ni ó máa ń dojú kọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dọ́kítà sì sọ pé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Ó fún un ní oògùn tí à ń pè ní amitriptyline, hóró kan tí í ṣe mílígíráàmù 25 ní alaalẹ́.

Obìnrin náà wí báyìí pé: "Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí ìyàtọ̀ kankan, àfi pé ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú, oorun sì ń kùn ún lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí a padà lọ, dọ́kítà ní kí ó máa lo hóró méjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bínú. Ó ní oògùn tí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n tún ń fi kún, pé wọ́n fẹ́ fi àbúrò òun dán nǹkan wò ni. Aládùúgbò wa kan ní tirẹ̀ ní kí ó kúkú lo mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó lè tètè rí ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ìyá àwọn ọmọ, dọ́kítà ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ó fi ń ṣe ohun tí ó ń ṣe, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìdí oògùn ni yóò ní sùúrù àtilò ó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan ṣì ń wí pé àìsàn òyìnbó ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1953, dọ́kítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ J. C. Carothers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín ènìyàn dúdú. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó di olórí ilé ìwòsàn Arò ní ọdún 1954, kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ní ọdún 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè bí wọ́n ti ń sùn, bí wọ́n ti ń jẹun, àti bí ọkàn wọn ti rí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1963 fi hàn pé àwọn àmì àìsàn náà wà láàárín wa dáadáa. Ohun tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé ara ni àwọn ènìyàn wa sábà máa ń fi í ké: orí gbígbóná, nǹkan tí ń rìn lára bí èèrà, àyà jíjá, àìlèsùn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ a máa lo oògùn ibà léraléra fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jókòó síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oògùn. Ní ilé ìwòsàn kan ní orílẹ̀-èdè Switzerland ni Dókítà Roland Kuhn ti ṣàkíyèsí, láàárín ọdún 1956 sí 1957, pé oògùn kan tí wọ́n ń dán wò fún àìsàn ọpọlọ mìíràn kò ran àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti dè mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Imipramine ni orúkọ oògùn náà. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e: amitriptyline ní nǹkan bí ọdún 1961, fluoxetine tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní òpin ọdún 1987, lẹ́yìn náà sertraline, escitalopram àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Amitriptyline àti fluoxetine wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ àwọn oògùn tí kò yẹ kí ó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan sí, àwọn méjèèjì ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn tí ó sì lo oògùn, láàárín wákàtí kan ó ti lè rọlẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ọpọlọ wa ni àwọn ìránṣẹ́ kan wà tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, serotonin sì ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n bá ti jíṣẹ́ tán, ọpọlọ a tún kó wọn padà. Oògùn yìí a máa dí ọ̀nà ìpadà náà, kí àwọn ìránṣẹ́ lè pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti ń dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ fúnra rẹ̀ ní láti mọ́ ọn lára, kí ó tún ara rẹ̀ tò, èyí a sì máa gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú rere rẹ̀. Ìnira oògùn náà kò dúró de ìgbà yẹn ní tirẹ̀. Láti alẹ́ kìn-ín-ní ni ẹnu ti lè gbẹ, tí oorun ti lè kùn, tí ìgbẹ́ ti lè le. Nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkejì, ìyà nìkan ni aláìsàn ń rí, kò tíì rí èrè. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ju oògùn nù.

Ìyá, ẹ wá gbọ́ ìdí tí dọ́kítà fi kún un lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kì í ṣe pé oògùn náà kùnà. Mílígíráàmù 25 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n tí ń wo àìsàn yìí sàn; àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni. Wọ́n fi í mú ara mọ́ oògùn náà ni. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí 25 ní alẹ́, kí a máa fi 25 tàbí 50 kún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi dé 100 sí 150 fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Dọ́kítà yín ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti kọ hóró kan pé òun yóò sọ ọ́ di méjì. Àṣìṣe tí ó ṣe, bí ó bá ṣe ọ̀kan, ni pé kò sọ ọ́ fún yín. Bí aládùúgbò yín bá sì ní kí ọkọ yín fo àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ọkọ yín lè dìde lóru láti lọ tọ̀ kí òòyì kọ́ ọ, kí ó sì ṣubú. Bí amitriptyline bá wá pọ̀ jù lára ènìyàn, ó ń da ìlù ọkàn rú, ó sì lè pa ni. Hóró díẹ̀ péré lè pa ọmọdé. Ẹ má ṣe fi í sí orí fìríìjì tàbí inú àpamọ́wọ́ níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó o.

Fluoxetine yàtọ̀ sí èyí. A lè fi mílígíráàmù 10 bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí á gbé e lọ sí 20, kí á sì dúró síbẹ̀. Níbẹ̀ a óò máa wò ó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí á tó sọ pé ó tó tàbí kò tó. Ẹni tí ó bá ń lo èyí tí ó wá ń fi ara rẹ̀ wé ọkọ yín, tí ó ń wí pé "tèmi kò gòkè," kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni.

Kí ló dé tí a kò fi lè sọ ìwọ̀n kan fún gbogbo ènìyàn? Ẹ̀dọ̀ ni ó fà á jù. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ́ oògùn wọ̀nyí túútúú kí ara lè dà wọ́n nù, ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kò sì yára bákan náà. Bí ojú ẹni ti jọ ti bàbá ẹni ni ẹ̀dọ̀ náà rí, ogún ni. Bí a bá fún ènìyàn mẹ́wàá ní hóró kan náà, ìwọ̀n tí a óò bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní dọ́gba. Gíga àti sísanra kò sọ ọ́ tán. Ọkùnrin gìrìwò tí ń gbé àpò sìmẹ́ńtì lè nílò ìwọ̀n tí ó kéré sí ti ìyàwó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ti àwọn àgbàlagbà, ìwọ̀n tiwọn a máa kéré, dọ́kítà a sì máa yẹra fún amitriptyline fún wọn bí ó bá ti ṣeé ṣe, nítorí ó lè dí ìtọ̀ mọ́ bàbá arúgbó, ó lè ba ojú tí ó ti ní ìfúnpá jẹ́, ó sì lè yọ ọkàn tí kò le lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ pé bí oògùn bá ti pọ̀ ni ó ti ń dára tó, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ jù ní àdúgbò wa nìyẹn, ó sì yẹ kí á tú u wò. Ẹ fi ojú inú wo dánfó kan tí ó ní ìjókòó mẹ́wàá. Bí a bá fún ènìyàn ní mílígíráàmù 20 ti fluoxetine, nǹkan bí ìjókòó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí oògùn náà ń wá nínú ọpọlọ ni yóò kún. Bí a bá sọ ọ́ di 40, bóyá ìjókòó kan ni yóò kún sí i. Àwọn èrò ìyókù yóò máa rìn káàkiri nínú ara, wọn yóò máa dá wàhálà sílẹ̀: inú rírú, ara gbígbọ̀n, oorun tí kò wá, àti èyí tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ wí síta, pé ọ̀rọ̀ ibùsùn di ìṣòro. Ní ọdún 2019, Furukawa, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kyoto ní orílẹ̀-èdè Japan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 77 jọ lórí irú oògùn yìí. Wọ́n rí i pé àǹfààní ń pọ̀ sí i títí dé àárín 20 sí 40 ti fluoxetine, lẹ́yìn èyí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè mọ́. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí ìnira oògùn lé sá ń pọ̀ sí i bí ìwọ̀n ti ń pọ̀ sí i. A kò wí pé kí dọ́kítà má ṣe kọjá 40 fún ẹnikẹ́ni o. Àwọn kan wà tí ó ń bá lára mu. À ń wí pé kí aláìsàn má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ gòkè.

Ẹ jẹ́ kí á bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti pèsè ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, láti ọ̀nà Ọba Akran títí dé Ọ̀gbà àti Agége, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń jẹun láti ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé oògùn ni ó ń kun ènìyàn ní oorun. Ìka ọwọ́ ni yóò gbà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ amitriptyline, tàbí bí wọ́n bá fi kún un, ẹ bẹ dọ́kítà kí ìwọ̀n tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ tí ẹ kò ní lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì rẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ojú yín yóò ti rí ní òwúrọ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ òru ni ẹ ń ṣe, ẹ sọ fún un gbangba. "Alẹ́" tí wọ́n kọ sára páálí, àkókò tí ẹ fẹ́ sùn ni ó túmọ̀ sí. Ẹni tí ó bá lo amitriptyline ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ó sì wọlé síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá ti fi ara rẹ̀ sínú ewu. Fluoxetine ní tirẹ̀ kì í sábà fa oorun, a tilẹ̀ máa lé e lọ, nítorí náà nígbà tí ènìyàn bá jí ni a máa ń lò ó.

Ohun kejì fún àwọn òṣìṣẹ́ ni tramadol. A mọ̀ pé àwọn kan ń lò ó kí ẹ̀yìn má bàa dùn wọ́n, kí wọ́n sì lè dúró pẹ́. Tramadol pẹ̀lú a máa fọwọ́ kan serotonin. Bí ó bá pàdé fluoxetine tàbí amitriptyline nínú ara kan náà, ara lè gbóná janjan, kí ènìyàn máa làágùn, kí ó máa gbọ̀n, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, àní kí gìrì gbé e. Ẹ má ṣe fi í pamọ́ fún dọ́kítà. Kò ní pe ọlọ́pàá. Ògógóró àti paraga a máa sọ oorun amitriptyline di ìlọ́po. Oògùn ibà tí ó ní artemether àti lumefantrine nínú, èyí tí ó wà ní gbogbo ilé wa, lè mú kí àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì tún lè da ìlù ọkàn rú pẹ̀lú wọn. Ibà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú, èyí kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi páálí oògùn kejì han ẹni tí ó fẹ́ ta oògùn ibà fún yín.

Iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin ìyàwó nínú èyí. Ẹ ra ìwé kékeré kan tí ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé. Lálaalẹ́, ẹ kọ ọjọ́ sí i, iye hóró tí ó lò, wákàtí tí ó sùn, bóyá ó jẹun, àti ìnira tí ó bá sọ. Bí ó bá gbàgbé oògùn ní alẹ́ kan, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú, kí ó má sì ṣe lo ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kejì láti fi dí i. Oorun àti oúnjẹ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò. Aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò ṣì máa wí pé kò sí ìyàtọ̀, nígbà tí ẹ̀yin ti rí i pé ó jẹ ẹ̀bà tán. Ìwé yẹn ni dọ́kítà yóò fi mọ̀ bóyá kí òun gòkè, kí òun dúró, tàbí kí òun pa oògùn dà. Dọ́kítà tí ó ń rí ènìyàn púpọ̀ láàárọ̀ kò lè rí èyí lójú aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àti nígbàkigbà tí a bá yí ìwọ̀n padà, pàápàá fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 25, ara àwọn mìíràn a máa ṣe gìgìrì, èrò pé kí àwọn pa ara àwọn a sì máa lágbára sí i. Ẹ bi í léèrè gbangba. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Ẹ gba oògùn náà sọ́wọ́ yín, ẹ máa fún un ní ti alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Bí ẹni tí ó ti ń sunkún bá ṣàdédé di ẹni tí kì í sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tí ó ń ná owó bí ẹni pé kò ní tán, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an: ó lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ ti irú mìíràn ni ó fara pamọ́ sábẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Yábàá, níbi tí ó ti wà láti ọdún 1907. Bí ọ̀ràn bá le, ẹ pe 767 tàbí 112.

Bí ara bá wá yá, kí ó má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé inú rẹ̀ ti ń dùn. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ó máa lò ó fún oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan lẹ́yìn tí àmì àìsàn ti lọ. Bí àkókò bá sì tó, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Dọ́kítà yóò máa dín in kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Ẹni tí ó bá dá a dúró lójijì lè ní òòyì, inú rírú, àlá burúkú, àti nǹkan tí ń ṣe bí iná mànàmáná nínú orí. Èyí kò túmọ̀ sí pé oògùn náà ti di bárakú. Ara tí a ti mú mọ́ nǹkan ni a ń já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí ó bá lóyún, tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, kí ó lọ bá dọ́kítà kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbààwẹ̀ lè bá dọ́kítà ṣètò àkókò. Ààwẹ̀ àti oògùn alẹ́ kì í bá ara wọn jà.

Owó pẹ̀lú jẹ́ ọ̀ràn. Iye oògùn ti lọ sókè gidigidi láti ọdún 2023. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ ọ́ ní yàrá dọ́kítà, kí ó lè kọ èyí tí apá yín ká. Ó sàn ju kí ẹ máa lo hóró kan ní ọjọ́ méjì méjì kí ó lè pẹ́, nítorí ìyẹn ba gbogbo àtẹ̀gùn tí ẹ ti gùn jẹ́. Ẹ rà á ní ilé oògùn tí ó ní apòògùn tí ó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ sì wò ó bóyá mílígíráàmù tí dọ́kítà kọ ni wọ́n fún yín. Hóró 25 àti hóró 50 wà, a sì ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ ilé oògùn tí ó sì lo ìlọ́po méjì fún oṣù kan láìmọ̀.

Kì í ṣe oògùn nìkan ni ìtọ́jú. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìlera kékeré, bí a bá kọ́ wọn, lè fi ọ̀rọ̀ sísọ àti ìtọ́sọ́nà tọ́jú àìsàn yìí, kí wọ́n sì fi oògùn kún un fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n tọ́jú ni ara wọn ti yá kí ọdún tó yí po. Ẹ béèrè ní ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín bóyá wọ́n ń ṣe é.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ẹ má ṣe bá a jà. Ìfẹ́ àbúrò rẹ̀ ni ó ń mú un sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ̀ lé yín, kí ẹ sì jẹ́ kí òun ni ó mú ìwé kékeré náà lọ́wọ́, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ bi dọ́kítà ní ìbéèrè tí ó bi yín.